Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́: ẹni tí wọ́n pààrọ̀ fáàfù ọkàn fún ṣì nílò wa

1/
Ọ̀rọ̀ òní gùn, ẹ wá ibi tó dáa jókòó sí. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ọ́, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa bá wí, èmi fúnra mi ni. Lẹ́yìn náà ó kàn yín.

2/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi tipẹ́ á rántí fídíò kan tí mo ṣe ní 2022. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ ní Ìlọrin níbí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ gbà wá." Ẹ pín in káàkiri. Ẹ fowó ránṣẹ́. Owó pé. Wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà, wọ́n pààrọ̀ fáàfù kan fún un, ó sì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn padà wálé.

3/
Mo ṣe fídíò kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ń jó ní pápákọ̀ òfurufú, màmá mi ń sunkún ayọ̀. Àwọn kan nínú yín kọ "Alhamdulillah", àwọn kan kọ "Ògo ni f'Ólúwa". Èmi náà rí fọ́lówà rẹpẹtẹ, ká má parọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

4/
Kò parí. Ní 2024, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fẹ́ pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sára fáàfù tuntun yẹn ló já kúrò níbẹ̀, ló lọ dí iṣan kan nínú ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni o.

5/
Ó wà láàyè, ẹ má kọ "RIP" fún mi. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tí télọ̀ fi ń gé aṣọ ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́. Òun ló ní kí n kọ èyí. Ó tún ní kí n má fi àwòrán òun sí i. Torí náà, ẹ má bi mí léèrè fídíò.

6/
Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju báyìí lọ: tá a bá dáwó fún iṣẹ́ abẹ ọkàn, tá ò dáwó fún ohun tó tẹ̀lé e, ìdajì iṣẹ́ la ṣe. Ìdajì tá a fi sílẹ̀ yẹn ló sì ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Fáàfù àtọwọ́dá kì í wo àrùn ọkàn sàn pátápátá. Ó ń gba àrùn kan lọ́wọ́ ẹ ni, ó ń fún ẹ ní òmíràn tó ṣeé bá gbé. Ó ṣeé bá gbé ò, tó o bá ní ohun tí wọ́n fi ń bá a gbé.

7/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló dáwó láì mọ ohun tá a rà. Ọkàn ní ilẹ̀kùn mẹ́rin. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ síwájú, kó má padà sẹ́yìn. Lójoojúmọ́ wọ́n ń ṣe é tó nǹkan bí 100,000 ìgbà. Bí ilẹ̀kùn kan bá há tàbí tó ń jò, ọkàn á máa ṣe làálàá títí á fi rẹ̀ ẹ́.

8/
Kí ló ń ba ilẹ̀kùn ọkàn ọ̀dọ́ jẹ́ nílẹ̀ wa? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fun tó dun ọmọ nígbà tó wà ní pírámárì ni. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní streptococcus ló fà á. Wọn ò tọ́jú ẹ̀, wọ́n ní yóò lọ fúnra ẹ̀. Ara ọmọ bá kòkòrò jà, jà, jà, ó wá ṣi ọkàn ara ẹ̀ mú fún ọ̀tá. Oríkèé á wú, á dùn ún, ibà á mú un. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni fáàfù á wá yọ ẹjọ́. Penicillin, oògùn tó ti pẹ́ tí kò sì wọ́n, lè dá gbogbo ẹ̀ dúró látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

9/
Fáàfù àtọwọ́dá, oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, wọ́n fi ara ẹran ṣe é, ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dì sí i lára, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó, bí ọdún 10 sí 15, ó tún máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ọ̀dọ́. Tó bá gbó, iṣẹ́ abẹ míì ni. Èkejì, ohun líle bíi carbon àti irin ni wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn lè bá ẹ dé ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mọ àjèjì. Ó máa ń fẹ́ dì sí i lára. Irú ẹ̀ ni wọ́n fi sí ẹ̀gbọ́n mi.

10/
Ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni Albert Starr tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àti Lowell Edwards tó jẹ́ ẹnjiníà fi fáàfù tí wọ́n ṣe sọ́kàn èèyàn ní Amẹ́ríkà, tẹ́ni náà sì pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, fáàfù ti yí padà léraléra, ó ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an. Ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tó bá ní èyí tí wọ́n fi irin tàbí carbon ṣe, ó gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lójoojúmọ́. Títí ayé. Warfarin lorúkọ ẹ̀.

11/
Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Àǹtí kan ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa pé oògùn eku ni. Àǹtí, ẹ ò parọ́. Màlúù ló kọ́kọ́ ń kú ní àríwá Amẹ́ríkà ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n jẹ koríko tó ti bu, ẹ̀jẹ̀ wọn ò dúró. Àwọn onímọ̀ ní Wisconsin wá ohun tó fà á, ibẹ̀ ni warfarin ti jáde. Ní 1948 wọ́n ń fi pa eku. Ní 1954 wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn. Ní 1955 wọ́n fún Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, nígbà tí ọkàn dà á láàmú.

12/
Iná tó ń se ọbẹ̀ náà ló ń jólé. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kan fi wà tí wọ́n ń pè ní INR. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò lo oògùn máa ń wà ní bíi 1. Fún fáàfù àtọwọ́dá tó wà lójú iṣan ńlá tó ń gbẹ́jẹ̀ jáde, àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ 2 sí 3. Fún èyí tó wà láàárín yàrá ọkàn méjèèjì lápá òsì, irú ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń fẹ́ 2.5 sí 3.5. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dì. Tó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ya níbi tí kò yẹ, títí kan inú ọpọlọ. Àárín àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni ẹ̀mí èèyàn wà.

13/
Nísinsìnyí, ẹ bá mi ṣírò. Àyẹ̀wò yìí, bí nǹkan bá ti dúró dáadáa, ó kéré tán oṣooṣù tàbí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Owó àyẹ̀wò. Owó oògùn. Owó káàdì. Owó kẹ̀kẹ́ lọ, owó kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ọjọ́ kan tí kò ní rán aṣọ. Ẹ wá fi gbogbo ọdún tó kù láyé ẹ̀ pọ̀ ọ́n lọ́nà. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tá a dá. Nínú ohun tá a kọ sábẹ́ fídíò mi, kò sí kọ́bọ̀ kan tá a pè ní owó lẹ́yìn-abẹ.

14/
Ọdún àkọ́kọ́, ó ń lọ. Lẹ́yìn náà, níbì kan wọ́n ní kẹ́míkà àyẹ̀wò ti tán, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó padà lọ, iná ò sí. Ó lọ síbòmíì, owó ẹ̀ ju ti tàkọ́kọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fo oṣù kan. Ó fo méjì. Kò sọ fún èmi tí mo gbé kámẹ́rà sí i lójú, torí ó ní ojú ń ti òun láti tún tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é fún òun lẹ́ẹ̀kan.

15/
Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan. Ohun tó wà níbí yìí ni mi ò tíì rí ẹni tó kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ mi. Ní wọ́ọ̀dù, nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu ẹ̀, ó sọ fún mi pé òun ti ń dín oògùn kù. Mo ní, kí ló dé? Ó ní, "Nǹkan oṣù mi ni."

16/
Látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ warfarin, nǹkan oṣù rẹ̀ ti di odò. Ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Páàdì kan ò gbà á fún wákàtí kan. Ó ń rán aṣọ àwọn èèyàn, ó ń bẹ̀rù kó má bà á jẹ́. Ó ń jókòó lórí ọ̀rá. Òyì ń kọ́ ọ. Òun fúnra ẹ̀ wá rí i pé tóun bá fo oògùn fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, tí nǹkan oṣù bá ti ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ á dín. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Lóṣooṣù, fún bí ọjọ́ mélòó kan, fáàfù wà láì sí oògùn.

17/
Mo bi í pé ṣé kò sọ fún dókítà ni. Ó ní ọkùnrin ni dókítà, àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ mẹ́fà dúró yí òun ká, èèyàn ń tò lẹ́yìn. Wọ́n bi òun pé "Ṣé ò ń lo oògùn ẹ?" òun ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó parí. Kò sẹ́ni tó béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi obìnrin bíi tiẹ̀, tá a jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan nígbà ọdún, èmi náà ò béèrè.

18/
Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì: tẹ́ ẹ bá fi obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù sórí warfarin, tẹ́ ẹ ò bi í léèrè nǹkan oṣù, ẹ ò tíì parí iṣẹ́ yín. Ọ̀nà wà. Wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá INR ló ga jù. Wọ́n lè fún un lóògùn tó ń fún ara lẹ́jẹ̀. Irú ìfètòsọ́mọbíbí kan wà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó ń dín nǹkan oṣù kù gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má lọ dá egbòogi ìfètòsọ́mọbíbí rà ní kẹ́mísì o: èyí tó bá ní estrogen nínú ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Dókítà ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ ka páàdì fún wọn.

19/
Nǹkan kan tún wà tí mi ò lè gbàgbé. Fáàfù yẹn máa ń dún. Tílé bá pa rọ́rọ́ lóru, ẹ máa gbọ́ ọ lára ẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí aago ọwọ́. Àwọn ọmọ ilé ń pè é ní Àǹtí Aago. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Sátidé yẹn, ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Aago mi ò pariwo mọ́, ó ń dún bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá bátìrì ti ń tán.

20/
Mo ti wá mọ̀ báyìí. Tí ìró fáàfù bá ṣàdédé rẹlẹ̀ tàbí tó dákẹ́, tí èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, ẹ̀jẹ̀ lè ti máa dì sí i lára. Ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe lẹ́yìn Jímọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìsìn. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún ẹbí wa. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́, Òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́, lórí ìwé tá a kó sínú báàgì.

21/
Ẹ jẹ́ kí n bá kẹ́mísì wí díẹ̀. Inú rírun? Flagyl. Ara ríro? Ibuprofen. Àtọ̀sí ni àbí kí ni? Septrin. Ìlọrin la wà, gbogbo wa la ti ra Flagyl bí ẹni ra gúgúrú. Flagyl àti Septrin máa ń gbé agbára warfarin ga sókè gan-an. Ibuprofen àti diclofenac ń mú kí ikùn tètè ṣẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìdí tí wọ́n ń gún yín fún ibà, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ kó jọ sínú ẹran ara ẹni tó ń lo warfarin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oògùn, ìbéèrè kan péré ni: "Ṣé ẹ ń lo oògùn ọkàn kankan?" Kò ná yín ní nǹkan kan.

22/
Ibà ńkọ́? Nílẹ̀ wa, gbogbo ara gbígbóná ni "malaria àti taifọ́ọ̀dù". Lára ẹni tó ní fáàfù àtọwọ́dá, ara gbígbóná lè jẹ́ pé kòkòrò ti wọ ara fáàfù náà, ó ń jẹ ẹ́. Ìyẹn ń pani. Kí wọ́n tó fún un ní oògùn apakòkòrò kankan, ó yẹ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo kòkòrò tó wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi oríṣiríṣi kápúsù pa kòkòrò náà kú díẹ̀, àyẹ̀wò ò ní rí i mọ́, àìsàn á sì máa bá iṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ yẹ malaria wò, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀.

23/
Eyín náà wà níbẹ̀. Tẹ́ni tó ní fáàfù bá fẹ́ yọ eyín, dókítà eyín gbọ́dọ̀ mọ̀, kó lè fún un ní oògùn apakòkòrò ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má dá warfarin dúró fúnra ẹ̀ torí eyín. Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Wọ́n á ní kó má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ láéláé. Irọ́ ni. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ùgú, wọ́n ní vitamin K tó ń bá warfarin jà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó máa jẹ ẹ́ níwọ̀n kan náà, kó má jẹ́ òní àpọ̀jù, ọ̀la òfo. Àgbo ńkọ́? Ẹni tó po àgbo ò mọ ohun tó máa ṣe sí INR. Èmi náà ò mọ̀. Torí ẹ̀ ni mo fi ní kẹ́ ẹ jìnnà sí i.

24/
Ẹ̀yin ará London àti Houston, ẹ ṣé tẹ́ ẹ ń fi oògùn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn tuntun tí kò nílò àyẹ̀wò yẹn, wọn kì í ṣe fún ẹni tó ní fáàfù oní-carbon. Wọ́n dán dabigatran wò lára irú wọn, wọ́n dá a dúró, èsì ẹ̀ jáde ní 2013: ẹ̀jẹ̀ dì jù, ẹ̀jẹ̀ sì tún ya jù. Wọ́n dán apixaban wò, wọ́n dá òun náà dúró ní 2022 torí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dì fún pọ̀ ju àwọn tó ń lo warfarin lọ. Warfarin ló ṣì wà níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ tó máa wúlò ni owó àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka yẹ INR wò nílé. Ìyẹn là ń fẹ́.

25/
Ọ̀rọ̀ oyún, mo fẹ́ rọra sọ ọ́. Warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá. Tí obìnrin bá sì dá a dúró láì sọ fẹ́nì kan, fáàfù lè dí, kí ìyá àti ọmọ lọ. Ọ̀nà àárín wà: dókítà lè gbé e sórí abẹ́rẹ́ heparin fún àkókò kan, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kó tó lóyún ni ọ̀rọ̀ yẹn ti yẹ kó wáyé. Kódà, kí wọ́n tó yan fáàfù ni. Ṣé wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó fẹ́ bímọ? Èmi ni mo dá wọn lóhùn o. Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yè ná." Ọmọ ọdún 27 ni nígbà yẹn. Mo fi ẹnu ara mi gba ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀.

26/
Ẹ̀yin Alfa, ẹ̀yin Pásítọ̀, mi ò bá yín jà. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ilé kéwú ni mo ti kọ́ ìwé kí n tó wọ Unilọrin. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé kéèyàn so ràkúnmí ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kó tó fi í lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Warfarin ni okùn yẹn. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti gba ìwòsàn, kó da oògùn nù, ẹ tú okùn ràkúnmí ni. Ẹ gbàdúrà fún un, ẹ wá bi í pé, "INR rẹ tó kọjá jẹ́ mélòó?" Àdúrà tó ní ìbéèrè nínú nìyẹn.

27/
Ẹnì kan á sọ pé, "Kí lo fi ń dà wá láàmú? Ìjọba ni kó o bá wí." Mo ń bọ̀ lórí ìjọba. Ní oṣù kejì 1974 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣíṣí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní UNTH, Ẹnúgu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu wà níbẹ̀, Magdi Yacoub wá láti ìlú Òyìnbó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Síbẹ̀, ẹ wo iye ọmọ wa tó ṣì ń wọ bàálù lọ sí Íńdíà láti lọ ṣe é, tàbí tó ń retí kí ikọ̀ oníṣẹ́ abẹ kan ti òkè òkun wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ikọ̀ yẹn bá ti wọ bàálù padà, ta ló ń ṣọ́ fáàfù?

28/
Òfin wà. Ní 2022 ni ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí òfin NHIA tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó tún ní kí owó kan wà fún àwọn tí kò ní. Warfarin wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti WHO. Nítorí náà, ìbéèrè mi fún ìjọba Kwara àti àjọ adójútòfò ìlera rẹ̀ ò le: ẹ sanwó INR àti warfarin fún gbogbo ẹni tó ní fáàfù àtọwọ́dá. Wọn ò pọ̀ tó iye tó máa ba báńkì yín jẹ́.

29/
Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Kwara. Ẹni tó ń gbé ní Kosubosu, ní Kaiama, ní Pàtígì, ṣé kó máa wọkọ̀ wá sí Ìlọrin lóṣooṣù torí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan? Ẹ̀rọ oríìka yẹn ò tóbi ju fóònù ńlá lọ. Ẹ gbé e sí jẹ́nẹ́rà ọsibítù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́ nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀. Kí dókítà ọkàn tó wà ní UITH máa fi fóònù sọ fún un iye tí oògùn máa jẹ́. Ìyẹn ò nílò ilé tuntun, kò nílò kéèyàn gé ríbọ́ọ̀nù.

30/
Ẹ wá fi penicillin sí i. Kí ọmọ tí ọ̀fun ń dùn, tí ara ẹ̀ gbóná, rí ẹni tó máa yẹ ọ̀fun ẹ̀ wò ní ìlera alábọ́ọ́dé. Kí ọmọ tí wọ́n ti rí i pé ó ní ibà oríkèé máa gba abẹ́rẹ́ penicillin rẹ̀ déédéé, kó má bà á tún padà wá. Fáàfù tó dáa jù lọ ni èyí tí Ọlọ́hun dá mọ́ ẹ. Kò nílò warfarin.

31/
Ẹlòmíì á ní, "Tó o bá ń sọ báyìí, àwọn èèyàn ò ní dáwó mọ́." Mo ti rò ó. Ó ń dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ẹni tó fún wa lówó lọ́jọ́ yẹn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi yè ni, kì í ṣe kó jó ní pápákọ̀. Tá a bá sọ fún un pé ẹ̀mí yìí ń ná owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, á yé e. Ẹni tó ní ọmọ mọ̀ pé ìkómọ kọ́ ni òpin ìnáwó.

32/
Torí náà, láti òní lọ, ìlànà tèmi rèé. Mi ò ní gbé ìpè owó iṣẹ́ abẹ ọkàn sórí ojú ewé mi láì jẹ́ pé:
– owó lẹ́yìn-abẹ ọdún méjì, ó kéré tán, wà nínú iye tá à ń wá, lọ́tọ̀;
– a mọ ibi tó ti máa máa ṣe INR, a sì mọ ibòmíì tí kẹ́míkà bá tán níbẹ̀;
– ẹnì kan nínú ẹbí ti gbà láti máa rán an létí, orúkọ ẹ̀ wà nílẹ̀;
– tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù àti ọmọ bíbí, kí wọ́n tó yan fáàfù, òun fúnra ẹ̀ ló sì dáhùn;
– mo máa padà wá sọ fún yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bóyá ó dùn ún gbọ́ àbí kò dùn.

33/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó kàn yín. Fídíò "ẹ wò ó tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó báyìí" yẹn, ó ń mú wá owó, ó ń mú wá fọ́lówà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ṣe é fún. Ẹ pè é lónìí. Ẹ bi í ìgbà tó ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn. Tí ẹ ò bá ní nọ́ńbà ẹ̀ lórí fóònù yín mọ́, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe.

34/
Ẹ tọ́jú èyí pamọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní fáàfù nínú ẹbí yín: ojú tàbí ẹnu wọ́, apá kan kú, ọ̀rọ̀ ń ta kókó, mímí hẹlẹ lójijì, ìró fáàfù tó dákẹ́, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ imú tí kò dúró, orí tó gbá ilẹ̀ lórí ọ̀kadà bó ti wù kó kéré mọ, ara gbígbóná. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ìwé INR dání. Tó bá gbàgbé oògùn lánàá, kó má mu méjì pa pọ̀ lónìí.

35/
Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló ń gé aṣọ, òun ń jókòó ti í, ó ń fi ọwọ́ òsì júwe. Ó ń mu oògùn ẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, èmi ni mò ń pè é. INR rẹ̀ tó kọjá jẹ́ 2.8. Aago ń dún. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí fún un kí n tó gbé e síta, mo bi í bóyá ká yọ ibi tó kan nǹkan oṣù kúrò. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni."

36/
Mi ò fi nọ́ńbà àkáǹtì sísàlẹ̀ lónìí. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tẹ́ ẹ mọ̀.